Bi Àgbà Léèrè Irú Ọmọ Tí O Jẹ́

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ ti parí iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ súnmọ́ rédíò. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì parí rẹ̀, ẹ gbé ìwé sílẹ̀ díẹ̀, ẹ ó padà sí i. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní alẹ́ yìí, iṣẹ́ àṣetiléwá ni òun náà, àgbà kò sì gbọdọ̀ yọ ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Bí mo bá bi yín pé, "Irú ọmọ wo ni ìwọ jẹ́ nígbà tí o wà ní kékeré?" ìdáhùn kò ní wọ́n yín. Ẹnì kan yóò ní, "Alágídí ni mí." Ẹlòmíràn yóò ní, "Ojo ni mí, n kì í lè dá lọ sí ẹ̀yìnkùlé lálẹ́." Ẹlòmíràn yóò fọ́nnu pé, "Èmi ni bàbá mi fẹ́ràn jù nínú gbogbo wa." Ṣùgbọ́n bí mo bá tún bi yín pé, "Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?" ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò ti di wò-mí-n-wò-ọ́.

Kò sí ẹni tí ó rántí ọjọ́ tí a bí i. Kò sí ẹni tí ó rántí ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ohun tí a ń pè ní ìrántí ìgbà èwe wa, ọ̀nà mẹ́ta ni ó pín sí. Apá kan ni ojú ara wa rí. Apá kejì ni a gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó tọ́ wa. Apá kẹta ni èyí tí àwa fúnra wa fi ọgbọ́n ọmọdé so pọ̀, tí a sì gbà pé òtítọ́ ni. Apá kẹta yìí ni ó léwu. Ọmọdé a máa rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà rí ìdí rẹ̀. Bí àgbà kò bá sì sọ ìdí fún un, yóò wá ìdí kan fún ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nìyí.

Àwọn baba wa mọ̀ pé ẹnì kan kò lè dá ìtàn ìgbà èwe ara rẹ̀ pa mọ́. Nítorí náà ni wọ́n fi kó o sínú orúkọ. Bí o bá pàdé Ìgè, o ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni ó kọ́kọ́ yọ nígbà tí a bí i. Bí o bá pàdé Òjó tàbí Àìná, o ti mọ̀ pé ibi kọ́ ọ lọ́rùn wáyé. Dàda ni irun rẹ̀ ta kókó láti inú oyún. Abíọ́nà ni ìyá rẹ̀ kò tíì délé tí ó fi bí i. Ẹni náà kò rántí ọ̀kan nínú gbogbo èyí, ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí a bá pè é, ìtàn rẹ̀ ni a ń sọ.

Ẹ tún wo orúkọ tí àwọn ìyàwó ilé ń fún ọmọ ọkọ wọn. Ìyàwó kì í pe ọmọ tí ó bá nílé ọkọ ní orúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́, nítorí pé ọmọ náà ti ṣáájú rẹ̀ dé ilé. Yóò wò ó dáadáa, yóò sì sọ ọ́ ní orúkọ tí ó bá ìrísí tàbí ìwà rẹ̀ mu. Ọmọ tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ di Òpéléńgé. Ọmọ tí ó kúrú tí ó mọ ijó jó di Akúrúyẹjó. Ọmọ tí eyín rẹ̀ funfun di Eyínfúnjowó. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí, nítorí pé èédú kì í kúrò lọ́wọ́ mi, kò sì sí ògiri tí mo dá sí nínú agbo ilé wa. Ẹ̀rí ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ mọ irú ọmọ tí òun jẹ́, kí ó lọ bèèrè orúkọ tí àwọn ìyàwó ilé ń pe òun, kí ó sì bèèrè ìdí rẹ̀.

Ìṣẹ́yìn ni ìlú mi. Nítòsí wa ni Òṣoògùn wà, ìlú tí a ti bí ọmọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Àjàyí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ tí ó bá da ojú bolẹ̀ nígbà tí a bí i ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1821, nígbà tí ó tó bí ọmọ ọdún 13, ogun wọ Òṣoògùn, wọ́n sì kó Àjàyí àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Wọ́n ya ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí ó fi di inú ọkọ̀ àwọn olówò ẹrú. Ní ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ọmọ yìí ni ó wá di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther.

Ní ọdún 1837, ó kọ lẹ́tà kan nípa bí wọ́n ti kó o. Ọdún 16 ti kọjá, síbẹ̀ ó rántí pé òwúrọ̀ ọjọ́ náà dára, pé oúnjẹ òwúrọ̀ ni wọ́n ń sè lọ́wọ́, àti pé ní bí agogo mẹ́sàn-án ni ìròyìn ogun dé sí ìlú. Ẹ ò rí nǹkan! Ohun tí ojú ọmọdé bá rí, ó lè wà lọ́kàn rẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí, ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846. Ní ọjọ́ náà, ní Abẹ́òkúta, Àjàyí tún fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn bí ọdún 25. Ó ti di àlùfáà, ó ti láya, ó ti bímọ. Wọ́n di ara wọn mú, ẹnu wọn kò sì lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìyá náà wá la ẹnu, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí pe ọmọ rẹ̀ ní àwọn orúkọ tí wọ́n fi ń kẹ́ ẹ ní kékeré, àwọn orúkọ tí ìyá àgbà rẹ̀ máa ń pè é. Ìyá àgbà náà ti kú sí oko ẹrú. Ogun kó ilé, ó kó ẹrù, ó kó ènìyàn. Irú ọmọ tí Àjàyí jẹ́ ni kò rí kó, nítorí pé ó wà ní ẹnu ìyá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ tèmi. Kò sí ogun ní ìgbà tèmi, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó kù kí èmi sọ tèmi nù.

Iṣẹ́ òfì ni bàbá mi ń ṣe. Ẹni tí ó bá ti dé Ìṣẹ́yìn rí mọ bí agbo ilé àwọn ahunṣọ ti ń rí. Òwú ni a nà gbọọrọ láti ibi tí ahunṣọ jókòó sí, tí ó fi dé òdìkejì agbo ilé, a ó sì fi òkúta tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó lè le dáadáa. Bí aṣọ náà ti ń gùn sí i ni òkúta yóò máa wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Òfin kan wà tí gbogbo ọmọ ilé wa mọ̀ kí wọ́n tó mọ A, B, D: a kì í sáré nídìí òwú.

Ní ọdún 1985, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún 7, mo rú òfin náà. Mò ń fi igi lé irin ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan tí ó ti gbó, àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 4, sì ń sáré tẹ̀lé mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Irin náà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ó yí wọ inú òwú ẹtù tí oníbàárà ti san owó rẹ̀ sílẹ̀, òwú sì já yánna-yànna. Bàbá mi kò nà mí. Ó wò mí, ó mí kanlẹ̀, ó jókòó ti òwú náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí so ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìbá nà mí ni, ọ̀rọ̀ náà ìbá tán lọ́jọ́ náà.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ìyá mi jí mi, ó di aṣọ mi sínú àpò, bàbá mi sì mú mi lọ wọ ọkọ̀. Ọ̀yọ́ ni ó mú mi lọ, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí a ń pè ní Ìyá Ọ̀yọ́. Ó fi mí síbẹ̀, ó sì padà. Kò sí ẹni tí ó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Lójú tèmi, kí ni ó kù tí wọn yóò sọ? Lánàá ni mo já òwú, lónìí ni wọ́n lé mi jáde nílé.

Ọdún kan kọjá kí n tó tún dé Ìṣẹ́yìn. N kò bá àbúrò mi nílé. Wọ́n ní ó wà ní abúlé lọ́dọ̀ ìyá bàbá wa. Nígbà tí ó yá, kò sí ẹni tí ó dárúkọ rẹ̀ mọ́. Mo dàgbà díẹ̀ kí n tó fi òye gbé e pé ó ti kú. Òkú ọ̀fọ̀ ni, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ òkú ọ̀fọ̀ ní ilé wa.

Ohun kan tún wà tí mo rántí nípa Ọ̀yọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé ibẹ̀, èèrà bo àpò aṣọ mi. Ìyá Ọ̀yọ́ tú àpò náà, ó bá àkàrà gbígbẹ àti ẹja díndín nínú rẹ̀, ó sì pariwo. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ ilé ti sọ mí ní Wọ̀bìà.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí ní ogún ọdún sẹ́yìn pé irú ọmọ wo ni mo jẹ́, n kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Màá ní abanǹkanjẹ́ ni mí, màá ní wọ̀bìà ni mí, ọmọ tí òwú ṣe iyebíye jù ú lọ lójú òbí rẹ̀. Mo gbé èrò yìí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti kọ́ mi ní iṣẹ́ olùkọ́, mo sì gbé e bọ̀. N kì í lọ sílé bí kò ṣe ìgbà ọdún. Bí mo bá lọ, màá kí bàbá mi, màá fi owó sílẹ̀ fún ìyá mi, n kì í sì í sùn mọ́jú. Bàbá mi kú ní ọdún 2009. N kò bi í léèrè rí.

Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, mo fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní àròkọ kan: "Irú Ọmọ Tí Mo Jẹ́." Kò yẹ kí olùkọ́ fún ọmọ ní iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò lè ṣe, nítorí náà mo kọ tèmi. Mo mú un dání nígbà tí mo lọ kí ìyá mi, mo sì kà á sí i létí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orí jì mí: mo fẹ́ kí ó dùn ún ni. Mo ka ibi tí òwú ti já. Ìyá mi ní, "Òwú wo?"

Mo ní, "Òwú bàbá mi, tí mo já, tí ẹ torí rẹ̀ mú mi lọ sí Ọ̀yọ́."

Ó ní, "Àlàó, ọmọ mélòó ni kò já òwú nínú ilé yìí? Ta ní ń ka ìyẹn?"

Ìyá mi kò rántí òwú náà rárá. Ohun tí mo ti ń rù káàkiri láti ìgbà èwe, kò sí lórí ẹlòmíràn bí kò ṣe orí tèmi nìkan.

Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ni ó wá sọ ọ́. Ní òru ọjọ́ tí òwú já, ara àbúrò mi gbóná janjan. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ń wúkọ́. Éèyi ti wọ àdúgbò wa, ó ti pa ọmọ méjì ní agbo ilé tí ó kángun sí tiwa. Orí ẹní kan náà ni èmi àti Àṣàkẹ́ àbúrò mi ń sùn. Bàbá mi ní bí òun kò bá tètè gbé mi kúrò, ọwọ́ òun lè ṣófo. Wọn kò sọ fún mi, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí mo bá gbọ́ pé ara Àṣàkẹ́ kò yá, n kò ní gbà láti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, Àṣàkẹ́ kú.

Ìyá mi ní, "Ìyá Ọ̀yọ́ ránṣẹ́ sí mi pé o kì í jẹ oúnjẹ rẹ tán. Ó ní o ń tọ́jú ti Àṣàkẹ́ pa mọ́ sínú àpò, èèrà sì ti bò ó. Nígbà tí iṣẹ́ náà fi dé ọ̀dọ̀ mi, a ti sin Àṣàkẹ́."

Ẹ̀yin ará, àkàrà náà nìyẹn. Mo rántí èèrà, mo rántí ariwo, mo rántí orúkọ burúkú tí wọ́n sọ mí. Ẹni tí mo tọ́jú àkàrà dè ni mo gbàgbé.

Mo wá bi í pé kí ló dé tí wọn kò mú mi padà. Ó ní ẹ̀rù ilé náà ń ba bàbá mi. Ó tún ní, nígbàkúùgbà tí mo bá wá kí wọn tí mo sì kọ̀ láti sùn mọ́jú, bàbá mi a máa sọ pé, "Ó ń bínú sí wa pé a kò lè gba àbúrò rẹ̀ sílẹ̀." Bàbá mi náà ti wá ìdí kan fún ara rẹ̀. Èmi rò pé ó ń bínú sí mi, òun rò pé mò ń bínú sí i, àwa méjèèjì sì dákẹ́ títí ikú fi dé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ìbá ti tú gbogbo rẹ̀. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n èmi kò bèèrè.

Kí n tó lọ sí iṣẹ́ àṣetiléwá wa, ẹ jẹ́ kí n bá ẹ̀yin òbí sọ gbólóhùn kan nípa éèyi. Lónìí a mọ̀ pé gbígbé ọmọ sá kò tó, nítorí pé àìsàn náà a máa ràn kí ara ọmọ tó sú. Oríire ni mo fi yè. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni odi ọmọ. Bí ọmọ bá pé oṣù 9, ẹ gbé e lọ gba ti éèyi, kí ẹ sì tún gbé e padà ní ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún yín.

Iṣẹ́ àṣetiléwá wa rèé. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú ìwé kan tí ẹ kò ní fi ṣe ìṣirò. Ẹ lọ bá ìyá yín, tàbí bàbá yín, tàbí àgbà tí ó mọ̀ yín láti ọjọ́ ìkómọjáde. Ẹ bèèrè pé, "Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ní ọjọ́ tí a bí mi? Ta ni ó ń pọ̀n mí? Orúkọ wo ni àwọn ìyàwó ilé ń pè mí, kí sì ni ìdí rẹ̀? Àìsàn wo ni ó ṣe mí? Kí ni mo ṣe tí ó mú yín rẹ́rìn-ín?" Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ti sọ ọ́ gan-an, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín rántí sí ojú ìwé kejì, kí ẹ sì fi méjèèjì wé ara wọn. Ibi tí wọn kò bá ti bára mu, ẹ má ṣe jiyàn. Ẹ béèrè sí i.

Ẹ ṣe é pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọgbẹ́ wà lára àgbà tí kò hàn sí ọmọdé. Ẹ má ṣe béèrè láàárín èrò, ẹ má sì ṣe béèrè nígbà tí ebi ń pa wọ́n tàbí nígbà tí ó rẹ̀ wọ́n. Bí àgbà bá dákẹ́, ẹ jẹ́ kí ó dákẹ́. Ẹ padà lọ ní ọjọ́ mìíràn.

Ẹ̀yin àgbà, iṣẹ́ tiyín ni pé kí ẹ máa sọ ìdí. Bí ẹ bá fẹ́ mú ọmọ lọ gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, bí ìyá rẹ̀ bá kó kúrò nílé, bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, ẹ wá ọ̀rọ̀ tí ọmọdé lè gbé, kí ẹ sì sọ ọ́ fún un. Ẹ má ṣe rò pé kò mọ nǹkan. Yóò kó ohun tí ó bá ní lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ òwú tí ó já, yóò sì fi ro ẹjọ́ ara rẹ̀, kò sì ní sí ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀. Ẹ tún ṣọ́ orúkọ tí ẹ ń sọ ọmọ. Wọ̀bìà dùn lẹ́nu ọmọ ilé fún ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jẹ́ orúkọ náà lọ́kàn mi.

Ìyá mi ṣì wà láàyè. Ìwé àròkọ mi ọjọ́ náà wà lọ́dọ̀ mi. N kò fa ohun tí mo kọ́kọ́ kọ ya, ṣùgbọ́n mo kọ ohun tí ìyá mi sọ sí abẹ́ rẹ̀. Bí mo bá lọ sílé nísinsìnyí, mo máa ń sùn mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ìyá mi a jókòó sí ẹnu ọ̀nà, a sì kì mí ní oríkì mi, Àlàó. Bí ó bá parí tèmi, a kì Àṣàkẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a kò fi dárúkọ rẹ̀ nílé wa. A ti ń dárúkọ rẹ̀ báyìí.

Ẹni tí àgbà rẹ̀ bá wà nítòsí lálẹ́ òní, kí ó pa rédíò, kí ó lọ bá a.

Ó dàárọ̀ o.